Àléébù Tí A Mọ̀

Ilé Kéwú Àáfà Mọ̀múdù,
Lẹ́yìn Òkè-Oyì, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, 1995.

Ràúdátù, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé nínú òtútù ibẹ̀ yẹn. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì àti bisikíìtì náà lo ṣì ń fi ṣe oúnjẹ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ààwẹ̀ parí ní àlàáfíà. Òjò kò tíì dé, ṣùgbọ́n a ti ń palẹ̀ oko mọ́. Ewúrẹ́ funfun tí o mọ̀ yẹn ti kú, àmọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti gba àgbàlá mọ́ wa lọ́wọ́.

Danjuma, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sílé kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Tánkẹ̀, ó sì gbé ẹrù tí o fi rán an wá fún mi. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù tí ooru ń pa wá ló dé. Mo rí páálí kékeré tí o ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sórí àga kí àwọn ọmọ kéwú mi lè wò ó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ló ṣe èyí. Irú wàláà tí ẹ fi ń kọ kéwú yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá nǹkan jíjẹ ni.

Ràúdátù, nígbà tí o ń lọ kàwé ní 1990, ọdún méjì lo dá fún wa. Lẹ́yìn tí Kùdírátù ìyá rẹ kú ní 1992, o kọ̀wé pé wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún ọ, pé bí iṣẹ́ náà bá ti parí, o ó wálé. Mi ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ní báyìí, iṣẹ́ ti parí, ó ti wọ páálí, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì ti dé Òkè-Oyì ṣáájú ẹni tó ṣe é. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n béèrè: ṣé Iléyá oṣù karùn-ún yìí ni? Mo ti kun yàrá rẹ ní ẹfun. Ó ń wù mí kí n fi ojú mi méjèèjì rí ọ.

Ohun kan ló kù. Lẹ́tà tí o kọ kẹ́yìn, o kọ ọ́ wínníwínní bí ẹni tó ń ṣọ́ tàdáwà lò. Jọ̀ọ́, máa kọ ọ́ gàdàgbà. Bébà kò wọ́n lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kì í kírun kan kó má dárúkọ rẹ,
Mọ̀múdù.


Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, 1995.

Bàbá mi,

Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ kú ààwẹ̀ tó kọjá, ẹ kú ìpalẹ̀ oko, ẹ sì kú ìnira àwọn ewúrẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ tó rò pé nǹkan jíjẹ ni pé n ó mú bisikíìtì wá fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Èyí tí ẹ rí nínú páálí, ẹ̀dà kìíní ni. Àwọn tó rà á ti ń lò ó, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń kọ̀wé sí wa pé èyí kò ṣe dáadáa, pé ìyẹn ń dá àwọn dúró. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó jáde tí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà kejì. Kò ní ṣeé ṣe fún mi ní Iléyá yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé mi ò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa rí. Kọ̀ǹpútà ní èdè tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún òun, àfi kó fi èdè náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ohun tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe ni wàláà tí irú àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ń kọ ọ́ sí. Àmọ́ wàláà tiwa gbọ́ èdè, apá tó gbọ́ èdè yẹn sì ni iṣẹ́ tèmi. Ó ń fi àwọ̀ ya àwọn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kí ojú lè tètè rí wọn. Bí akọ̀wé bá ṣí àkámọ́ tó gbàgbé láti pa á dé, á fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Bó bá gbàgbé orúkọ tó ti sọ nǹkan, á rán an létí. Ní kúkúrú, Bàbá, mo fi àáfà kan jókòó sínú kọ̀ǹpútà, tó ń gbọ́ ẹni tó ń kéwú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àáfà tèmi kò ní sùúrù. Kí akọ̀wé tó kọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó ti fa ìlà pupa. Àwọn oníbàárà ní ó ń da orí àwọn rú. Ẹnìkan ní òun ti pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un ṣe. Bí mo bá ní kó dákẹ́, kì í rí àṣìṣe mọ́. Bí mo bá ní kó sọ̀rọ̀, kì í dákẹ́ mọ́. Ni mo bá rántí yín. Àwa bí ọgbọ̀n la máa ń kéwú lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ igi máńgòrò, kálukú pẹ̀lú súrà tirẹ̀. Ẹ̀yin á máa hun okùn ewúrẹ́ yín lọ, ẹ ò tiẹ̀ ní wò wá. Síbẹ̀, bí mo bá fo ẹsẹ kan, ẹ ó ní, "Ràúdátù, padà." Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ dákun, ẹ kọ ọ́ fún mi.

Kọ̀ǹpútà ni mo fi tẹ lẹ́tà yìí, mo sì mú kó tóbi bí ẹ ṣe wí.

Ọmọ yín,
Ràúdátù.


Ilé Kéwú Àáfà Mọ̀múdù, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 1995.

Àbẹ̀kẹ́,

A kí ọ o. Iléyá ti lọ. A pa àgbò, a sì pín ìpín tìrẹ fún aládùúgbò, torí ẹran kì í dúró de ẹni tó wà ní Leeds. Inú mi kò dùn, n kò ní purọ́. Mo ti sọ fún gbogbo Òkè-Oyì pé o ń bọ̀. Bí mo bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí báyìí, ẹ̀yìn ilé ni mò ń gbà.

Kí ni irú iṣẹ́ yìí? Bí káfíńtà bá ṣe ilẹ̀kùn fún mi, tó tún wá ń padà wá lọ́dọọdún láti wá fá a, n ó ní kò mọ iṣẹ́ ni. Ṣé ìwọ kò mọ iṣẹ́ ni, àbí ilé ni o kò fẹ́ wá? Dá mi lóhùn méjèèjì. Má sì fi kọ̀ǹpútà tẹ ìdáhùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi kọ ọ́, gàdàgbà.

Nípa ohun tí o bi mí, kò sí awo níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹnu yín rárá. Ẹni tó bá ń fetí sí ẹnu ọgbọ̀n ọmọ, wèrè ni yóò ya. Ibi tí ẹsẹ ń parí sí ni mò ń gbọ́. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń balẹ̀. Bó bá balẹ̀ síbi tí kì í balẹ̀ sí, etí mi á dìde. Bí ọmọ bá ṣì í ní àárín ẹsẹ, mo máa ń dákẹ́ fún un, torí lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń gbọ́ ara rẹ̀, á sì fúnra rẹ̀ padà. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ padà kì í tún un ṣì mọ́. Àáfà tó kọ́ èmi máa ń na ọmọ lórí ọ̀rọ̀ tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú àwa tó kọ́, ó tó mẹ́rin tó ń kólòlò di òní. Jẹ́ kó parí ẹsẹ kí o tó pè é padà.

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Rántí súrà tí gbólóhùn kan náà máa ń padà wá lẹ́yìn ẹsẹ kan tàbí méjì. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni o ti máa ń ṣìnà níbẹ̀, ibì kan náà, lórí ẹsẹ òkun méjì. O ó ti fò ó kọjá kí o tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọjá lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà, kò sí èyí tó ń ṣì í bíi tìrẹ. Etí mi ṣì ń retí rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Mọ̀múdù.


Ilé Kéwú Àáfà Mọ̀múdù, Ìlọrin.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 1995.

Ràúdátù,

Mi ò lè dúró gba èsì rẹ kí n tó kọ èyí. Bébà kan wà nínú páálí iṣẹ́ rẹ. Tíṣà Gàní, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa, wá kí mi lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Mo ní kó kà á fún mi, kí n gbọ́ bí àwọn Òyìnbó ṣe yìn ọ́. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní, "Àáfà, àléébù ni wọ́n kọ síbẹ̀ o." Àléébù mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú nọ́ńbà, orúkọ rẹ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà: R. Mọ̀múdù. Ó ní wọ́n kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé àwọn àléébù tí a mọ̀ nìyí.

Ọmọ mi, ta lo ṣẹ̀ níbẹ̀? Bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe, ṣebí kọ̀rọ̀ la máa ń pè é sí bá a wí. A kì í tẹ̀ ẹ́ sínú bébà, ká fi ránṣẹ́ káàkiri ayé pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Mo bẹ Tíṣà kó má sọ ọ́ síta, mo sì gbé páálí náà kúrò lórí àga.

Mi ò wá káwọ́ gbera. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fi ojú òbí wò ó, pé ọmọ tí kò níyàá ni ọ́, bóyá ìbànújẹ́ ìyá rẹ ló ń mú ọwọ́ rẹ ṣì. Mo ní bí ìyà bá wà nílẹ̀, kó jẹ́ kó wá sórí èmi tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ níwèé. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Danjuma ń padà lọ lọ́sẹ̀ yìí, ó sì ti gbà láti mú un dání, pẹ̀lú agolo kúlíkúlí kan.

Má bínú sí mi. Bó bá le jù, máa bọ̀ nílé. Oko ṣì wà.

Mọ̀múdù.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, 1995.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àníyàn mi. Ẹ kú ìjayà. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, ni mo fi ń kọ èyí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ ọ́.

Ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́tà yín wà lórí tábìlì, agolo kúlíkúlí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ rẹ nìkan ni mo rí kà níbẹ̀. Kà á fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní kí ìyà wá sórí yín, mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo ń nu ojú. Obìnrin àgbàlagbà ni ọ̀gá mi. Ó dìde, ó lọ bu omi wá fún mi. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń ṣe ọ̀gá, bàbá ẹnikẹ́ni kò bẹ òun rí. Ó ti jẹ nínú kúlíkúlí náà. Ó ní kúlíkúlí dára, eyín òun ni kò dára. Ó ní kí n kí yín, kí n sì sọ fún yín pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lóòótọ́. Bàbá, èmi gan-an ni mo kọ bébà yẹn. Irú iṣẹ́ tiwa, kò sí bó ṣe lè jáde láìní àléébù kankan. Èyí tí a bá mọ̀, tí a ò tíì rí tún ṣe, a máa ń kọ ọ́ síta kí ẹni tó rà á má baà já sí kòtò. Wọ́n fi orúkọ mi síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn ó kọ̀wé sí ni. Ohun tó ń dójú ti wa ni kí oníbàárà bá àléébù tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí a sì dákẹ́ lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé páálí mi padà sórí àga.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín sínú iṣẹ́. Mo ní kí àáfà inú kọ̀ǹpútà yé gbọ́ ẹnu, kó máa gbọ́ ìparí. Ó ń dákẹ́ ní báyìí títí akọ̀wé á fi parí ìlà, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Bí akọ̀wé bá ti fúnra rẹ̀ padà, kò ní sọ nǹkan kan. A fi fún èèyàn mẹ́fà láti dán an wò. Ọkùnrin tó pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́sí wà lára wọn, ó ní òun ti ṣí i lẹ́nu padà.

Ẹ bi mí bóyá mi ò mọ iṣẹ́ ni. Mo mọ iṣẹ́, Bàbá. Ẹ̀dà kejì á jáde ní oṣù kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀, n ó wá.

Ọmọ yín,
Ràúdátù.


Ilé Kéwú Àáfà Mọ̀múdù, Ìlọrin.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, 1995.

Àbẹ̀kẹ́,

Ọlọ́hun ṣeun. Páálí ti padà sórí àga, Tíṣà Gàní sì ti bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Kí ọ̀gá rẹ máa rẹ kúlíkúlí sínú gààrí kó tó jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, òun gan-an ni ẹ̀sìn wa wí. Ẹni tó bá ta ọjà tó ní àléébù láìsọ, ẹni tó rà á ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà fún un, kódà lẹ́yìn tó ti gbé e délé. Bàbá mi máa ń so aṣọ pupa mọ́ ìwo màlúù tó bá ń kàn, kó tó fà á dé ọjà. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ màlúù tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tà, torí gbogbo ayé mọ̀ pé èyí tí kò so aṣọ mọ́, kò ní nǹkan kan. Mo sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ kéwú, mo ní irú iṣẹ́ bàbá bàbá rẹ lo ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni mo bi ọ́, ọ̀kan lo dáhùn. Mo gbọ́ pé o mọ iṣẹ́. Èkejì ńkọ́? Mi ò pariwo o. Mo ń dúró kí o parí ẹsẹ rẹ.

Bí ìlà mi bá ń gun ara wọn, má bínú. Àga tí mo fi ń kọ̀wé ló ń mì.

Bàbá rẹ,
Mọ̀múdù.


Leeds.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní, 1996.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ̀dà kejì ti jáde. Mo ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ní kí Tíṣà Gàní ka bébà rẹ̀: àléébù ti dín kù sí mẹ́fà. Ọ̀gá mi ti ń rẹ kúlíkúlí.

Wọ́n ti ní ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà kẹta. Èdè méjì míì ni wọ́n fẹ́ kó gbọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ inú rẹ̀ bíi tèmi. Nítorí náà, Iléyá oṣù kẹrin kò ní ṣeé ṣe. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ sáà sọ ọ́ fún mi, torí láti oṣù kẹwàá ni mi ò ti rí lẹ́tà yín gbà.

Ọmọ yín,
Ràúdátù.


Leeds.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 1996.

Bàbá mi,

Ṣé ẹ̀ ń bínú ni? Oṣù márùn-ún rèé. Danjuma ní nígbà tí òun wá dágbére fún yín, ẹ di ọwọ́ òun mú pẹ́, orúkọ Tíṣà Gàní lẹ sì fi pe òun títí òun fi lanu sọ̀rọ̀. Lánàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bó jẹ́ èébú ni, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ràúdátù.


Ilé Kéwú Àáfà Mọ̀múdù, Ìlọrin.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, 1996.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Tíṣà Gàní ló ń kọ èyí. Èmi ni mò ń sọ ọ́, mo sì ti mú un búra pé kò ní yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Mi ò bínú sí ọ. Ojú ara mi ló ń tì mí. Nígbà tí bébà rẹ kejì dé, tí Tíṣà kà á, mo ní: ọmọ tí mo bí ń to àléébù rẹ̀ síta fún àlejò, èmi sì ń ta ẹran tó yarọ fún ọmọ ara mi. Nítorí náà, gba tèmi.

Àwọn àléébù tí a mọ̀ nínú Àáfà Mọ̀múdù, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ̀wé sí òun náà.

Èkínní. Ojú ọ̀tún kò ríran mọ́ láti Ààwẹ̀ ọdún tó kọjá. Ti òsì ń ríran bí ẹni ń wo nǹkan láàárín wàrà. Dókítà ní ìgboro Ìlọrin ní ti òsì ṣeé là, pé ó lè mọ́ padà. Mi ò gbà fún un. Ó ní wọ́n máa ń ṣì í nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá ṣì í, mi ò ní rí ọ mọ́ láyé. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba tó kù yìí rí ọ ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n.

Èkejì. Kò sí àga kankan tó ń mì.

Ẹ̀kẹta. Mi ò kun yàrá rẹ. Àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Mo ti sọ fún Òkè-Oyì pé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ yẹn, pé Òyìnbó ni ọmọ iṣẹ́ rẹ. Èyí kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ẹ̀karùn-ún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá rẹ kú, a sì sin ín kí ọjọ́ tó rọ̀. Mo lè tẹ wáyà sí ọ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. O ń ṣe ìdánwò. Mo ní bó bá gbọ́, á sáré wálé, gbogbo rẹ̀ á sì bàjẹ́. Mo sọ fún ọ pé wáyà ilé ìfìwéránṣẹ́ ló já. Kò já. Èmi ló ṣe é. Ìyá rẹ pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tó kú, èmi ni mo ń jẹ́ ẹ, kí ó lè rò pé ìwọ ni. Lójoojúmọ́ ni ó ń dùn mí, Ràúdátù. Kò yẹ kí n gba ẹkún rẹ lọ́wọ́ rẹ.

Mo ti sọ òfin ibẹ̀ fún ọ. Ẹni tó ra ọjà láìmọ àléébù rẹ̀ lè dá a padà. Bí o bá fẹ́ dá mi padà, o lẹ́tọ̀ọ́, mi ò ní bá ọ jà.

Bàbá rẹ,
Mọ̀múdù.

(Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ orúkọ yẹn.)


Leeds.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, 1996.

Bàbá mi,

Ẹ kú Iléyá. Á ti kọjá kí èyí tó dé. Kí Tíṣà Gàní kà á fún yín sókè ketekete, kó má sì yọ nǹkan kan kúrò nínú tèmi náà.

Àwọn àléébù tí a mọ̀ nínú Ràúdátù Mọ̀múdù.

Èkínní. Láti ọdún kejì ni mo ti mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí kì í parí. Bí a bá ti parí ẹ̀dà kan, òmíràn ń dúró. Mo ní ìsinmi lọ́dọọdún. Ibí ni mo ti ń lò ó.

Èkejì. Mo mọ̀ nípa wáyà. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín wà lára rẹ̀, Bàbá. Wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ sí orí wáyà. Ọjọ́ tó dé ni mo rí i pé ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú Ìyá lẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́, nígbà tí ẹ sì ní wáyà ló já, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó já. Inú bí mi débi pé mi ò lè kọ ọ́. Ni mo bá fi iṣẹ́ bojú. Ìbéèrè kejì tí ẹ bi mí, ìdáhùn rẹ̀ nìyí: mi ò fẹ́ wá sílé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bínú sí ẹni tó ń dárúkọ mi lẹ́yìn gbogbo ìrun. Ẹ̀yin ń fojú pamọ́ fún mi, èmi ń fi inú pamọ́ fún yín.

Ẹ̀kẹta. Mo rò pé bí ẹ ṣe ní kí n máa kọ̀wé gàdàgbà, ẹ̀ ń bá mi jà ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa rí àṣìṣe kí ó tó pẹ́, mi ò sì rí èyí.

Nípa dídá padà. Ẹni tó rí àléébù ọjà láti ọjọ́ kìíní, tó sì gbé e sọ́dọ̀ fún ọdún mẹ́rin, kò lẹ́tọ̀ọ́ kankan mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kéwú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì fẹ́ ẹ̀tọ́ náà. Mo dárí jì yín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ji èmi náà.

Mo ka lẹ́tà yín fún ọ̀gá mi. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ kó tó ní kí n máa lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi, ẹlòmíràn á sì di ẹ̀dà kẹta mú. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, n ó ti wà ní Òkè-Oyì. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi àti ẹ̀yin jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ ó ti rí mi ná, bí ẹ ṣe fẹ́. Bí wọ́n bá sì ṣì í ṣe, n ó wà níbẹ̀. Ẹ fi àwọn ewúrẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá, èmi ni n ó lé wọn.

Bí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ẹ má bi í pé ta ni. N ó dúró níbẹ̀, n ó sì ké súrà tí gbólóhùn kan náà máa ń padà wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ké e kẹ́yìn. N ó ṣì í níbi òkun méjì, mo mọ ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n parí ẹsẹ náà, kí ẹ tó pè mí padà.

Ràúdátù.